Owó Orí Ènìyàn, Owó Orí Ilẹ̀: Orúkọ Ta Ni Wọ́n Kọ Sínú Ìwé?

 

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn wa: ẹni tó ń san owó orí lórí ilẹ̀, ṣé òun ló ni ilẹ̀? Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àgbà kan ní oko, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí ẹ má tan ara yín jẹ, owó ìjọba lásán ni. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ra ilẹ̀ ìkọ́lé ní Ikpinlè tàbí ní ẹ̀bá Àjàṣẹ́, yóò fi ìwé rẹ̀ hàn yín, yóò ní ẹ̀rí òun nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n gbọ́n sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá ni mo fẹ́ kí a tọ̀ dé lónìí, nítorí ìdáhùn tí bàbá wa àgbà ìbá fún wa ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí òfin orílẹ̀-èdè Benin ń fún wa nísinsìnyí. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí kan, tí wọn kò sì mọ ìgbà tó bọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Owó orí. Orí ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ gba owó lé, kì í ṣe orí ilẹ̀. Láyé àwọn baba wa, ilẹ̀ kì í san nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí: ti àwọn tó ti kú, ti àwọn tó wà láàyè, àti ti àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí. Ẹni tó bá ti inú ẹbí wá ń dá oko rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ń lo ilẹ̀ baba rẹ̀.

Àlejò nìkan ló ń san nǹkan lórí ilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni a ń pè é. Nígbà ìkórè, àlejò tí wọ́n fún ní ilẹ̀ oko yóò ru iṣu díẹ̀ tàbí àgbàdo wá, tàbí kó gbé epo wá pẹ̀lú obì àti ọtí, yóò kó o wá bá olórí ẹbí tó ni ilẹ̀. Kì í ṣe pé ẹrù yẹn pọ̀ tó iye tí ilẹ̀ ń mú wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ìjẹ́wọ́: ẹni tó san ìṣákọ́lẹ̀ ń sọ lójú gbogbo ayé pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe ti òun. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá jí lọ́jọ́ kan tó ní ti baba òun ni, wọn yóò kàn bi í pé: ta ni baba rẹ ń gbé iṣu fún?

Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù. Ní ìlànà tiwa, ẹni tó ń san nǹkan lórí ilẹ̀ ni ẹni tí kò ni ín. Nínú òfin tí àwọn Faransé mú wá, tí ìjọba wa sì jogún, ẹni tó ń san ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rò pé òun ló ni ín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó kàn yí orí kodò. Nígbà tí àgbà oko bá sì kọ̀ láti san owó lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, ẹ má pè é ní aláìmọ̀kan. Ọgbọ́n àtijọ́ ló ń lò: òun kì í ṣe àlejò.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé kan tó fa ìlà láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́, láti etí òkun lọ sókè. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní Kétu. Kétu fúnra rẹ̀ ti di ahoro nígbà náà, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti pa á run ní 1886, ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ sì wà nígbèkùn ní Abomey. Bí ìlà yẹn ṣe gba inú ilẹ̀ wa kọjá nìyẹn. Àwọn kan sùn sí ọ̀dọ̀ Faransé, àbúrò wọn sùn sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko ẹlòmíràn sì wà ní ìhín tí ilé rẹ̀ wà ní ọ̀hún. Lẹ́yìn ìgbà tí Dàhòmì ṣubú, tí Béhanzin sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní 1894, kò sí ẹni tó tún lè dá àwọn Faransé dúró.

Ní 1899, wọ́n gbé owó orí kalẹ̀ ní Dàhòmì. Impôt de capitation ni wọ́n ń pè é. Wọn kò bi ọ́ bóyá o ní oko tàbí o kò ní, bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Wọ́n ka orí, wọ́n sì fi iye orí lé owó. Nítorí pé owó Faransé gan-an ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe owó ẹyọ, ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn fi lè rí i ni kí wọ́n ta epo àti ekùrọ́ fún àwọn oníṣòwò. Ọ̀gá ẹkùn, chef de canton, ló ń kó owó náà jọ, ó sì ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tó bá kó wọlé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń bí. Iṣẹ́ àfipáṣe wà lórí rẹ̀, gbígbá ọ̀dọ́kùnrin lọ sógun wà lórí rẹ̀, ìyà tí kọ̀mándà lè fi jẹ ènìyàn láìsí ẹjọ́ kankan náà wà níbẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú owó orí bẹ́ẹ̀ kò tí ì dé agbègbè Abẹ́òkúta títí di 1918. Nǹkan bí ogún ọdún gbáko ni ẹni tó wà ní ìhín fi ń san, tí ìbátan rẹ̀ tó wà ní ìrìn wákàtí díẹ̀ sí i kò san. Ṣé ó tún yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń kó ẹrù wọn lóru? Anthony Asiwaju, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ nípa ìṣílọ yìí lọ́pọ̀lọpọ̀: abúlé odindi máa ń ṣófo nígbà tí àkókò owó orí tàbí àkókò gbígbá ọmọ ogun bá súnmọ́. Ọ̀pọ̀ ẹbí tí a ní ní apá Ìpókíà àti Ìmẹ̀kọ lónìí, owó orí ló lé baba ńlá wọn débẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ní kí n ṣàlàyé bí ó ṣe jẹ́ pé a ní ẹ̀gbọ́n ní Nàìjíríà tí a ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, impôt ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Àwọn tí kò sá, wọ́n jà. Ní 1905, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Sákétẹ́, wọ́n sì pa alábòójútó Faransé kan níbẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, láti 1914, àwọn Ọ̀họ̀rí ní ìtòsí Pọ̀bẹ́ gbé ìjà ko àwọn Faransé, inú ẹrẹ̀ ilẹ̀ wọn ni wọ́n sì fi ṣe odi. Ní 1923, nígbà tí Gómìnà Fourn fi kún owó orí, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san, ọjà dá, ìjọba kó sójà wá. Louis Hunkanrin tí wọ́n kà sí ara àwọn aṣáájú ni wọ́n lé lọ sí Mauritania, ó sì lo ọdún mẹ́wàá ní ìgbèkùn níbẹ̀. Kí ẹ má rò pé ní ìhín nìkan ni: ní 1918 tí owó orí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá, ogun Adùbí ló tẹ̀lé e, wọ́n hú ojú irin, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò.

Ẹ wá wo ohun kan tí a kì í sábà kíyè sí nínú gbogbo èyí. Nígbà tí olórí agbo ilé bá kó owó orí gbogbo ilé rẹ̀ jọ, tí ó gbé e lọ fún ọ̀gá ẹkùn, orúkọ tirẹ̀ ni ó máa ń wà lójú ìwé. Òun ni ìjọba mọ̀. Nígbà tó yá, ẹni tí ìjọba mọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀. Ẹni tó jẹ́ alábòójútó fún ẹbí wá di ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wò bí oní-nǹkan. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì gbàgbé.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àṣẹ kan ti 1904 sọ pé ilẹ̀ tó ṣófo tí kò ní olówó jẹ́ ti ìjọba: terres vacantes et sans maître. Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá ka gbólóhùn yẹn. Àwa tí a máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó lè sinmi kó tó tún so èso, lójú òṣìṣẹ́ tó ti Paris dé, ilẹ̀ wa ti ṣófo nìyẹn. Ní 1906, wọ́n gbé ètò immatriculation kalẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà: ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ dájú, kó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó gba titre foncier. Wọ́n tún ètò náà ṣe ní 1932. Ní 1935, wọ́n tún fi kún un pé ilẹ̀ tí wọn kò bá lò fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá lè di ti ìjọba. Àwọn oníṣòwò àti àwọn àgbà ìlú etíkun, ní Kútọnu, Ouidah àti Àjàṣẹ́, ló jàǹfààní titre foncier. Àgbẹ̀ tó wà ní Tatonnonkon kò gbọ́ nípa rẹ̀, tó bá sì gbọ́, kò ní owó ọkọ̀, kò ní owó awọnlẹ̀, kò sì gbọ́ Faransé.

Ní Èkó, nǹkan ṣe ọ̀tọ̀ díẹ̀. Olóyè Amọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, gbé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ilẹ̀ Apápá, Herbert Macaulay tẹ̀lé e lọ sí London, ní 1921 sì ni ilé ẹjọ́ Privy Council dá a láre: ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ènìyàn rẹ̀, bí ìjọba bá gbà á, kó san owó rẹ̀. A kò rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìhín. Ọdún 1955 kí Faransé tó gbà nínú ìwé òfin pé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ìbílẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ gidi, ọdún márùn-ún péré ló sì kù kí wọ́n lọ.

Òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1960. Òfin ilẹ̀ tí Dàhòmì ṣe fúnra rẹ̀, òfin 65-25 ti 1965, ètò titre foncier kan náà ló tẹ̀lé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òfin méjì wá ń rìn ní ilẹ̀ kan: ti ìwé, àti ti ẹbí. Láàárín méjèèjì ni àwọn ìwé kéékèèké ti hù jáde bí koríko: permis d'habiter, convention de vente tí olórí àdúgbò tàbí mẹ́yọ̀ tẹ òǹtẹ̀ lé, ìwé tí wọ́n kọ lórí tábìlì pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wa fi ra ilẹ̀, ìyẹn náà ni ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ fi kún fún ẹjọ́ ilẹ̀.

Owó orí ilẹ̀ gan-an nílùú ńlá wà tipẹ́. Méjì ni, ọ̀kan fún ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí, ọ̀kan fún èyí tó ṣófo. Ohun tó dí ìjọba lọ́wọ́ ni pé wọn kò mọ ta ni kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Titre foncier kéré, ilé sì pọ̀. Ní nǹkan bí 1990, ní Parakou, lẹ́yìn náà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ registre foncier urbain. Wọ́n fún gbogbo ilẹ̀ ìkọ́lé ní nọ́ńbà, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀, yálà ó ní ìwé tàbí kò ní. Wọn kò sọ pé òun ló ni ín o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òun ni yóò san. Láàárín àwọn ọdún 1990 náà ni wọ́n da owó orí méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, taxe foncière unique, TFU. Kọ́múnù ni owó rẹ̀ wà fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ ló ń gbà á. Láti ìgbà tí a ti dìbò yan ìgbìmọ̀ kọ́múnù àkọ́kọ́ ní ìparí 2002, Adja-Ouèrè, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú kọ́múnù 77 orílẹ̀-èdè yìí, ní ìdí gidi láti fẹ́ kí owó yìí wọlé. Ọ̀nà oko, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ọjà máa ń fẹ́ owó. Mo sọ ìyẹn nítorí pé àwọn kan rò pé Kútọnu ló ń jẹ gbogbo rẹ̀.

A ti dé ibi tó gbóná nínú ọ̀rọ̀ náà.

Òfin ilẹ̀ tó ń ṣàkóso wa lónìí ni òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017. Òfin náà sọ pé titre foncier nìkan ni ìwé tó fi ẹni hàn gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní in, nítorí náà ó dárúkọ àwọn ìwé tí ènìyàn lè gbé lọ láti béèrè fún un, àwọn ìwé tó ń jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹni náà ló ni ilẹ̀. Lára wọn ni attestation de détention coutumière, certificat foncier rural, àti attestation de recasement fún àwọn tí wọ́n tún ilẹ̀ pín fún nígbà lotissement. Ẹ̀kejì wọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ rárá ni ìwé owó orí ilẹ̀ ti ọdún mẹ́ta tó kọjá, pẹ̀lú rìsíìtì pé wọ́n ti san án.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú rìsíìtì.

Rìsíìtì kan ṣoṣo kò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀. Àgbà oko gbà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ọdún mẹ́ta ní orúkọ ẹnì kan lè ṣí ilẹ̀kùn titre foncier fún un, bí kò bá sí ẹni tó bá a jiyàn lásìkò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ ìkọ́lé náà gbà á nìyẹn. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹbí bi ara wọn kì í ṣe "Ṣé a ti san?" nìkan. "Orúkọ ta ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó báyìí. Bàbá kan kú, ó fi ilé sílẹ̀ ní ìlú, ọmọ márùn-ún. Mẹ́ta wà ní Èkó, ọ̀kan wà lóko, àbíkẹ́yìn ló ń gbé inú ilé náà. Àwọn òṣìṣẹ́ owó orí dé, àbíkẹ́yìn ni wọ́n bá, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ. Ó ń san lọ́dọọdún, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí fóònù. Kò sí ẹni tó ṣe ibi nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àbíkẹ́yìn náà bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò bá ìwé nínú àpótí, orúkọ baba wọn ló wà nínú gbogbo rẹ̀, wọn kò sì mọ bàbá àgbà. Ìjà ti dé nìyẹn, olúkúlùkù yóò sì gbà pé òun ló ní òótọ́.

Ohun tó dára kí ẹbí ṣe ni kí wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ owó orí, kí wọ́n ní kí wọ́n kọ ìwé náà ní orúkọ gbogbo àwọn ajogún, tàbí ní orúkọ collectivité, ìyẹn ẹbí lápapọ̀, kí ẹni tó ń san máa san fún wọn. Kí ẹbí sì jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí ẹni tó wà ní Èkó náà ní ẹ̀dà tirẹ̀. A ti ń ṣe ìpàdé ẹbí tipẹ́. Bíró nìkan ni a kì í mú lọ síbẹ̀.

Ní ti ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, mo rí i pé ibi owó ni ojú wọn máa ń wà, wọn kì í wo ọjọ́. Ẹni tó ni ilẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni ó jẹ gbèsè owó orí gbogbo ọdún náà. Tí o bá ra ilé ní oṣù kẹta, ti ẹni tó tà á fún ọ ni owó ọdún yẹn. Nítorí náà, béèrè rìsíìtì rẹ̀, ti ọdún yìí àti ti àwọn tó ṣáájú, kí o tó ka owó lé e lọ́wọ́. Tí kò bá ní in, ẹ fi sínú àdéhùn ẹni tí yóò san gbèsè náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti rà tán, ẹ lọ yí orúkọ padà lọ́dọ̀ àwọn owó orí. Títí di ìgbà tí wọn yóò fi yí i, ẹni àtijọ́ ni wọn yóò máa kọ ìwé sí, òun ni wọn yóò máa dá lẹ́bi, òun náà ni orúkọ rẹ̀ yóò sì máa wà nínú ìwé tí òfin kà sí ẹ̀rí. Olùtà ń jìyà, olùrà kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́. Nọ́ńbà IFU rẹ ṣe pàtàkì níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń san.

Ẹni tó ń gbé inú ilé tara rẹ̀, tí kò háyà fún ẹnikẹ́ni, máa ń bínú pé kí ló dé tí wọ́n ń bi òun léèrè owó orí. Ohun tí wọ́n ń wò ni iye tí ilé náà ìbá mú wá lọ́dún bí wọ́n bá háyà rẹ̀. Lórí iye yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó. Ilé ìjọsìn àti ilé ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oko kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ ìkọ́lé ní Kútọnu, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá sí abúlé láìní ìwé àṣẹ gba owó kankan lọ́wọ́ yín lórí oko. Ẹ béèrè ní kọ́múnù kí ẹ tó san, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà.

Fún ilẹ̀ oko tí kò ní titre foncier, kì í ṣe owó orí ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Attestation de détention coutumière ni. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ti abúlé, SVGF, ló ń ṣe ìwádìí. Wọ́n ń pe àwọn tí ilẹ̀ wọn bá ti yín pààlà, wọ́n ń gbọ́ ẹnu olúkúlùkù. Ó ń lọ sí ìgbìmọ̀ ti kọ́múnù, mẹ́yọ̀ a sì fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, ètò yìí ló súnmọ́ ìṣe àwọn baba wa jù nínú gbogbo ohun tí ìjọba ti gbé wá láti 1899, nítorí pé ó ń bi ará àdúgbò léèrè. Ohun kan tó ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n lè ṣe ìwádìí lọ́jọ́ tí ìwọ kò sí nílé. Ẹni tí yóò pẹ́ ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta, kó yan ẹni tí yóò dúró fún un.

Nípa ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí ẹ ti di ọmọ Nàìjíríà pátápátá, tí ẹ kò ní ìwé Benin mọ́: òfin ilẹ̀ wa kò gba kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Benin ra ilẹ̀ oko. Ó lè háyà rẹ̀ fún ọdún gígùn, pẹ̀lú ìwé. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n fi owó wọn rà á ní orúkọ ìbátan tó wà ní ìhín. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Orúkọ ìbátan ló wà nínú ìwé ìrà, orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé owó orí, bí ọdún mẹ́ta bá sì pé, òun ni òfin yóò wò. Owó yín nìkan ló wà níbẹ̀. Ìwé ìháyà tó mọ́ dára ju ìrà tó fara pamọ́ lọ.

Ní ọ̀hún náà, ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn. Àṣẹ ilẹ̀ ti oṣù kẹta 1978, Land Use Act, fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ gómìnà. Ìpínlẹ̀ Èkó da oríṣi owó mẹ́ta pọ̀ di Land Use Charge ní 2001, nígbà tí wọ́n sì fi kún un lójijì ní 2018, ariwo ta débi pé wọ́n ní láti dín in kù. Ẹni tó ní ilé ní ìhín àti ní ọ̀hún kò gbọdọ̀ rò pé ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ìkẹjà ni wọ́n ń ṣe ní Pọ̀bẹ́. Certificate of Occupancy kì í ṣe titre foncier, rìsíìtì Èkó kò sì ní iṣẹ́ tí yóò ṣe lọ́dọ̀ ANDF ní Kútọnu.

ANDF náà ti gbé àwòrán ilẹ̀ orílẹ̀-èdè sórí íntánẹ́ẹ̀tì, e-Terre ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ní fóònù tó dára lè wò ó kó tó ra ilẹ̀. Ní agbègbè wa, ilẹ̀ tí wọ́n ti tò síbẹ̀ kò tíì tó nǹkan, àmọ́ ìbéèrè fún ilẹ̀ ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà ní Massè, tí àwọn ará ìlú ńlá sì ń wá ra oko ọ̀pẹ.

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìwé impôt àtijọ́ nínú àpótí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ti ayé kọ̀mándà tàbí ti àwọn ọdún tó tẹ̀lé òmìnira, kó yà á ní fọ́tò, kó fi ọwọ́ bo orúkọ tí kò bá fẹ́ kí ayé rí, kó fi í sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kó sọ fún wa ọdún tó wà lórí rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti san án, àti bóyá orúkọ ẹnì kan ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí ti gbogbo agbo ilé.